Jénífà: Ọmọ Mẹ̀kúnnù ní Àdúgbò Ọlọ́rọ̀ nínú Àwàdà Yorùbá Òde Òní

Jénífà ni orúkọ olú ẹ̀dá ìtàn nínú ọ̀wọ́ eré apanilẹ́rìn-ín tí Fúnkẹ́ Akíndélé bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Fíìmù Jenifa, tí Muhydeen Ayínde darí, ni àkọ́kọ́. The Return of Jenifa tẹ̀ lé e ní 2011. Ní 2015 ni eré alátìgbàdégbà orí amóhùnmáwòrán, Jenifa's Diary, bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀dá ìtàn náà tó padà sí ilé sinimá nínú Everybody Loves Jenifa (2024). Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Ayétòrò, ọmọ mẹ̀kúnnù, tó bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tó lówó jù ú lọ, tí wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù ú lọ, tó wá ń sa gbogbo ipá rẹ̀ láti dà bí wọn.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú ìtàn yìí ti wà. Ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù lọ ní àgbáyé ni The Fresh Prince of Bel-Air ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ Jénífà gbé ìbéèrè kan dìde tó kan ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n: nígbà tí ọmọ tálákà bá wọ ilé ọlọ́rọ̀, tí àwọn òǹwòran sì bú sẹ́rìn-ín, ta ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, kí sì ni ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an?

Ìhun ìtàn náà

Ìtàn ọmọ tálákà ní àdúgbò ọlọ́rọ̀ dúró lórí òpó mẹ́ta. Èkíní ni ìṣípòpadà: ọmọ náà kúrò níbi tí wọ́n ti mọ bàbá rẹ̀, ó sì dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Èkejì ni àṣìṣe: ohun tó jẹ́ ọmọlúàbí nílé di ohun ẹ̀rín níbi tuntun, yálà ìkíni ni, aṣọ ni, oúnjẹ ni, tàbí ohùn ẹnu. Ẹ̀kẹta ni ìyípadà: ìtàn náà gbọ́dọ̀ pinnu bóyá àlejò ni yóò yí padà, tàbí ilé tó gbà á ni yóò yí.

Òpó kẹta yìí ló ń ya àwàdà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àwọn àgbà a máa sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Èyí tó dára jù nínú irú àwàdà yìí máa ń yí òwe náà po: ojú àlejò náà ló ń rí ohun tí onílé ti fi ojú sí títí tí kò fi rí i mọ́, bí àpẹẹrẹ ìgbéraga, ìbẹ̀rù, àti irọ́ tó wà lẹ́yìn ọrọ̀. Èyí tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ máa ń fi ojú onílé nìkan wo àlejò, á sì parí sí ẹlẹ́yà.

Àwọn aṣáájú

Jénífà kò ṣàdédé jábọ́ láti ojú ọ̀run. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (1936–2018), tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, olórí ẹgbẹ́ Aláwàdà, ti la ọ̀nà náà tipẹ́. Nínú eré orí ìtàgé, lórí amóhùnmáwòrán, àti nínú fíìmù Ọ̀run Móoru (1982) tí Ọlá Balógun darí, ẹni tí kò ní, tó sì ń lé ọrọ̀, ni Bàbá Sàlá máa ń jẹ́. Ìmúra rẹ̀ jẹ́ ìtàn lọ́tọ̀: awò ojú ràgàjì, táì labalábá, àti aago orí tábìlì tó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Gbajúmọ̀ òde ń wọ aago ọwọ́. Bàbá Sàlá náà wọ ti rẹ̀, èyí tó bá wà nílé. Ẹni tó wò ó rẹ́rìn-ín nítorí aago náà tóbi jù, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dúró lára òun nìkan. Ó kan ẹni tó gbà pé aago ni ènìyàn fi ń di gbajúmọ̀.

The Village Headmaster, tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, tó sì wà lórí amóhùnmáwòrán láti 1968 sí 1988, gba ọ̀nà òdìkejì. Níbẹ̀, olùkọ́ tó kàwé ló jẹ́ àlejò ní abúlé Ọjà, ààfin àti àwọn ìjòyè sì ni onílé. Eré náà wọ inú èdè ojoojúmọ́ débi pé orúkọ ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀ kan, Amebo, di orúkọ fún olófòófó jákèjádò Nàìjíríà.

Basi and Company (1986–1990), tí Ken Saro-Wiwa kọ, tí NTA sì gbé sáfẹ́fẹ́, fi àwọn tálákà tó ń lá àlá olówó ṣe ẹ̀fẹ̀ ní òpópónà Adetola ní Èkó. Saro-Wiwa kò jẹ́ kí wọ́n sọ Píjìn. Gẹ̀ẹ́sì tó yanrantí ló fi sí wọn lẹ́nu. Ìpinnu yìí ṣe pàtàkì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹnu tálákà kò yàtọ̀ sí ti ọlọ́rọ̀, ìwà nìkan ló kù tí a lè fi rẹ́rìn-ín. Jénífà gba ọ̀nà mìíràn pátápátá: ẹnu gan-an ni ọ̀wọ́ náà fi ṣe ibùdó ẹ̀rín.

Suliat di Jénífà

Nínú fíìmù 2008, Suliat ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ó ti Ayétòrò lọ sí yunifásítì, ó bá àwọn ọmọbìnrin afẹ́ pàdé, ojú ìlú ńlá sì wọ̀ ọ́ lójú. Ọ̀nà tó kọ́kọ́ gbà wọ ẹgbẹ́ wọn ni pé ó pa orúkọ rẹ̀ tì, ó sì sọ ara rẹ̀ ní Jénífà. Láti ibẹ̀ ni aṣọ, ọkùnrin àti owó ti tẹ̀ lé e, tí gbogbo rẹ̀ sì já sí àbámọ̀. Ẹniọlá Badmus, tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin afẹ́ náà, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nípasẹ̀ ipa yìí pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ Gbogbo Bigz Girl. Fúnkẹ́ Akíndélé gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó ta yọ jù lọ ní Africa Movie Academy Awards ti 2009.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Suliat náà wo ilé, ṣùgbọ́n ilé onílé ló wò. Orúkọ tí àwọn òbí fún un so ó mọ́ ìdílé àti ẹ̀sìn. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ so ó mọ́ ẹgbẹ́ tí kò tíì gbà á wọlé. Níbi yìí ni fíìmù náà ti jinlẹ̀ ju àwàdà lásán lọ, nítorí ohun tó wà nínú ewu kì í ṣe owó ilé-ìwé tàbí orúkọ rere nìkan. Ìbéèrè ibẹ̀ ni bóyá ọmọ náà yóò ṣì lè dáhùn nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé.

Èdè Jénífà

Orúkọ tuntun náà fúnra rẹ̀ tú àṣírí rẹ̀. Jennifer ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ṣùgbọ́n sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Òfin kan náà tó sọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì di tísà àti dókítà ló sọ Jennifer di Jénífà: sílébù mẹ́ta, kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn òkè méjì àti ohùn ìsàlẹ̀ kan, gẹ́lẹ́ bí ti dókítà. Orúkọ tí Suliat fẹ́ fi sá kúrò ní Ayétòrò wọ ẹnu rẹ̀, ó sì di Yorùbá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ohun tó ń pa àwọn òǹwòran lẹ́rìn-ín nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Fáwẹ̀lì tó ń wọ àárín ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì wá láti inú òfin tó fún wa ní búrẹ́dì. Ìdàrúdàpọ̀ láàárín 'he' àti 'she' wá láti inú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ 'ó', tí kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo. Àìsí ìró 'z' àti 'v' ní Yorùbá ló ń sọ wọ́n di 's' àti 'f'. Ní ìgboro, gbàgáùn ni wọ́n ń pe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá wò ó dáadáa, púpọ̀ nínú gbàgáùn ni gírámà Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nínú èdè mìíràn. Ẹni tó fi ń rẹ́rìn-ín ń fi òfin èdè abínibí rẹ̀ rẹ́rìn-ín láìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí eré. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ti bu owó ìtanràn lé ọmọ, wọ́n sì ti na ọmọ, nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ ní kíláàsì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìtìjú tí Jénífà gbé wọ ìlú kì í ṣe àbímọ́. Wọ́n kọ́ ọ ni.

Ó yẹ kí a kíyè sí àwọn tó ń sọ èdè náà lórí eré. Fúnkẹ́ Akíndélé gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó. Kí ó tó di Jénífà, ó ti ṣe Bísí, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama, nínú I Need to Know (1998–2002). Fọlárìn Fálànà, tí wọ́n ń pè ní Falz, tó ṣe Sege nínú Jenifa's Diary, gboyè òfin ní Yunifásítì Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di agbẹjọ́rò. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn òṣèré apanilẹ́rìn-ín ní Africa Magic Viewers' Choice Awards ti 2016. Ọ̀mọ̀wé òfin méjì ló ń gbé ahọ́n mẹ̀kúnnù wọ̀ bí ẹ̀wù, tí wọ́n sì lè bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tí kámẹ́rà bá dúró. Ọmọ Ayétòrò gidi kò ní àǹfààní yẹn.

Síbẹ̀, ọ̀wọ́ náà kò dúró síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú Jenifa's Diary, Jénífà kọ́ṣẹ́ irun, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, ó sì di ẹni tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbára lé: Tóyọ̀sí, tó ń pè ní Toyo Baby, àti Adaku. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì tọ́, ṣùgbọ́n kò fi dí i lọ́wọ́ mọ́. Fíìmù 2008 fi ìyà jẹ ọmọ tó fẹ́ dà bí ọlọ́rọ̀. Eré 2015 jẹ́ kí ọmọ náà dúró ti ahọ́n rẹ̀, kí ó sì ṣe ọrọ̀ ajé.

Ìfiwéra pẹ̀lú The Fresh Prince of Bel-Air

Eré Amẹ́ríkà yìí, tí Andy àti Susan Borowitz dá sílẹ̀, tó sì dá lórí apá kan nínú ìgbésí ayé Benny Medina, wà lórí NBC láti 10 Oṣù Kẹsàn-án 1990 sí 20 Oṣù Karùn-ún 1996. Ìpín rẹ̀ jẹ́ 148. Will, tí Will Smith ṣe, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin láti ìwọ̀-oòrùn Philadelphia. Lẹ́yìn ìjà ní pápá bọ́ọ̀lù aláwọ̀n, ìyá rẹ̀ rán an lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, Vivian, àti ọkọ rẹ̀ Philip Banks, agbẹjọ́rò olówó, ní Bel-Air.

Níbi tí Suliat ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ láti dà bí ẹgbẹ́, Will yí inú aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ síta. Ní ìparí ìpín àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí Philip ti bá a wí bí aláwàdà tí kò nírònú, Will nìkan jókòó sídìí dùùrù, ó sì ta orin Beethoven. Ilé náà kò mọ ohun tó wà nínú ọmọ tó gbà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ èdè sì ṣe kedere jù lọ lára rẹ̀ ni Geoffrey, ìránṣẹ́ ilé, tí Joseph Marcell ṣe. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára ju ti gbogbo ilé lọ, síbẹ̀ òun ló ń gbé tíì wá. Èdè tó yanrantí kò sọ ọ́ di onílé.

Ìpín Mistaken Identity ti sáà àkọ́kọ́ tún fi òmíràn kún un. Àwọn ọlọ́pàá mú Will àti Carlton, ọmọ Philip, nínú ọkọ̀ olówó ńlá tí wọ́n bá wọn nínú rẹ̀. Carlton, tó ti ń gbé ní Bel-Air, tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ọlọ́rọ̀, gbàgbọ́ pé ọmọlúàbí ni òfin yóò kà á sí. Àhámọ́ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀. Ní 2022, wọ́n tún ìtàn náà ṣe ní Bel-Air, gẹ́gẹ́ bí eré tí kì í ṣe àwàdà. Jimmy Akingbola, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n sì bí ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe Geoffrey níbẹ̀.

Garki: nígbà tí àdúgbò ọlọ́rọ̀ bá wá bá tálákà

Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tó ti kọjá, ẹnì kan ló ń rìn: tálákà tàbí àlejò ń bọ̀, àdúgbò dúró sójú kan. Garki ní Àbújá fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà lè yí po. Àwọn Gbagyi ti ń gbé ní agbègbè yìí kí olú-ìlú tó dé. Òfin tó dá Agbègbè Olú-Ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀ jáde ní 3 Oṣù Kejì 1976, lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà darí. Àwòrán ètò ìlú náà jáde ní 1979, ìjọba sì kó dé láti Èkó ní 12 Oṣù Kejìlá 1991. Èrò àkọ́kọ́ ni láti kó gbogbo onílẹ̀ kúrò. Wọ́n yí i padà nígbà tó yá. Garki wá di ara ìpele àkọ́kọ́ ìlú náà, pẹ̀lú Wuse, Maitama àti Asokoro.

Nítorí náà ni Garki Village ṣe wà títí di òní láàárín àwọn 'Area' onínọ́ńbà, tí ilé-iṣẹ́ ìjọba, ilé ìfowópamọ́ àti òpópónà gbòòrò yí i ká. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò wọ ọkọ̀ lọ sí àdúgbò ọlọ́rọ̀. Àdúgbò náà ló wá yí i ká, tó sì ń wò ó bí àlejò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Láàárín 2003 sí 2007, nígbà tí Nasir el-Rufai jẹ́ mínísítà, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé ní Àbújá ní orúkọ àwòrán ètò ìlú. Fún mẹ̀kúnnù, ìbéèrè kì í ṣe bí yóò ṣe bá àdúgbò mu mọ́, bí kò ṣe bóyá wọn yóò jẹ́ kí ó dúró.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí Àbújá fi yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Garki ń ti Nyanya tàbí Mararaba wọlé láàárọ̀, wọ́n sì ń padà ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì lọ́sàn-án, Haúsá tàbí Píjìn nínú ọkọ̀, àti èdè ìdílé lálẹ́. Jénífà ń gbìyànjú láti di ẹlòmíràn títí láé. Òṣìṣẹ́ Garki ń di ẹlòmíràn fún wákàtí mẹ́jọ, ó sì ń bọ́ ọ sílẹ̀ kí ó tó sùn. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí irú ibẹ̀ kò lè ka ohùn Yorùbá nìkan sí àmì òṣì, nítorí ohùn tó ń gbọ́ lójoojúmọ́ pọ̀ ju méjì lọ.

Garki yìí kan náà, ní Area 11, ni olú ilé-iṣẹ́ NTA wà, ilé-iṣẹ́ tó gbé Basi and Company sáfẹ́fẹ́ nígbà tí olú-ìlú ṣì wà ní Èkó. Ní Area 10 ni ibùdó àṣà tí wọ́n fi orúkọ Cyprian Ekwensi sọ wà, òǹkọ̀wé tí People of the City (1954) rẹ̀ sọ ìtàn ọ̀dọ́ kan tó wá jẹun ní ìlú ńlá, tí onílé sì lé jáde kúrò nínú yàrá. Àwọn ilé ìtàn wà nítòsí abúlé náà. Ìtàn ọmọ abúlé náà nílò ìhun tirẹ̀: àwàdà tí onílé yóò ti jẹ́ tálákà, tí ọlọ́rọ̀ yóò sì jẹ́ àlejò tí kò mọ̀ pé àlejò ni òun.

Ìṣelámèyítọ́ àti ipa

Ẹ̀sùn méjì ni a lè fi kan ọ̀wọ́ Jénífà. Èkíní ni pé ó sọ ohùn Yorùbá nínú Gẹ̀ẹ́sì di ohun ẹlẹ́yà, ó sì lè mú kí ọmọ ilé-ìwé tijú láti lanu. Èkejì ni pé fíìmù àkọ́kọ́ di ẹ̀bi gbogbo lé ọmọbìnrin náà lórí, láìbi àwọn ọkùnrin olówó tó ń fa irú rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀sùn méjèèjì ní ìdí. Ìdáhùn tó wà nínú eré náà fúnra rẹ̀ ni pé àwọn òǹwòran kò fi Jénífà sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín. Wọ́n tẹ̀ lé e láti 2008 dé 2024, nígbà tí Everybody Loves Jenifa pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá. Aiyetoro Town (2019) tilẹ̀ gbé kámẹ́rà padà sí abúlé, ó sì sọ ibi tí ọmọ náà ti ń sá di ibùdó ìtàn gan-an.

Bí a bá to àwọn eré wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aago Bàbá Sàlá, aṣọ ilé-ìwé Will àti Gẹ̀ẹ́sì Jénífà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun ìní ọlọ́rọ̀ tí ọmọ tálákà gbé wọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Ibi tí ẹ̀rín bá ti mọ sórí pé kò bá a mu, ẹlẹ́yà ni. Ibi tí ẹ̀rín bá ti mú wa béèrè ẹni tó sọ pé òun nìkan ló yẹ kí ó bá mu, àwàdà ti di ẹ̀fẹ̀, ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀fẹ̀ ń ṣe láwùjọ Yorùbá láti ìgbà pípẹ́: kí ọba àti ìjòyè lè gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún wọn lójúkojú.